Kọfí Tí N Kò Gbọdọ̀ Gbé Mì

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìrólù, ọtí kì í wọlé, tábà kì í wọlé, obì kì í wọlé, kọfí kì í sì í wọlé. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ tí ń ya ọjọ́ Sátidé sí mímọ́, kò fi òfin yìí pariwo rí. Wọ́n kàn fi í síbẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí a tì pa: ẹni tó bá fọwọ́ tì í yóò mọ̀ pé kò ṣí. Ní òwúrọ̀, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n yan títí ó fi dúdú, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì da omi gbígbóná lé lórí, ni wọ́n máa ń mu. Ó dúdú bíi kọfí, ó ń ta sánsán bíi kọfí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pè é ní kọfí, Bàbá á gbé ife kalẹ̀, wọ́n á sì máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ewéko méjèèjì títí ohun mímu náà yóò fi tutù.

Nítorí náà, ẹ lè fojú inú wo irú ẹ̀rín tí yóò pa àwọn ará àdúgbò wa bí wọ́n bá gbọ́ pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní òkè òkun, ilé ìyankọfí ni mo bá ara mi.

Kì í ṣe pé mo wá iṣẹ́ náà kiri. Ìmọ̀ nípa èròjà inú oúnjẹ ni mo lọ kọ́ ní Glasgow, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kì í bọ́ ẹni, pàápàá ní ìlú tí òjò kì í ti òkè wá bíi ti àwọn òjò mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ ni ti ibẹ̀ ti ń wá, ó ń lé ènìyàn bí ajá. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í tilẹ̀ ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ìrólù, bí o bá kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, ẹjọ́ rẹ á ti dé ilé kí ìwọ fúnra rẹ tó dé. Ní Glasgow, mo kí obìnrin kan káàárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sì fi ẹ̀rín kún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Obìnrin náà dáhùn, ó sì rọra fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ẹni tó gbà mí sí iṣẹ́ ni Fiona, obìnrin tó ga, tó máa ń rìn bí ẹni pé nǹkan ń jóná lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó sì máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Mo pè é ní Àǹtí Fiona ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òun kì í ṣe àǹtí ẹnikẹ́ni. Mo pè é ní Mà. Ó ní kí n má ṣe sọ òun di arúgbó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń lọ dúró síbi tí ojú rẹ̀ á ti kàn mí, nítorí ẹnu mi kò lè pe orúkọ ẹni tó jù mí lọ ní gbẹrẹfu.

Ẹ̀rọ tí ó fi ń yan kọfí kò tóbi ju kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń yan án, bí ẹni tó ń yan ẹ̀pà fún àlejò kan ṣoṣo. Kọfí oko kan kò gbọdọ̀ fara kan ti oko mìíràn. Lára àpò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àgbẹ̀ tó gbìn ín, òkè tí oko náà wà, bí òkè náà ṣe ga tó, oṣù tí wọ́n ká a, àti bí wọ́n ṣe sá a. Èmi tí mo ti jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba lóríṣiríṣi, tí wọ́n ń bi mí níbo ni mo ti wá gan-an, mo jẹ́wọ́ pé mo ṣe ìlara àwọn àpò náà díẹ̀. Kò sí ẹni tí ìdílé kọfí wọ̀nyẹn rú lójú.

Lẹ́yìn ìtàn ìdílé ni orúkọ èso àti ti nǹkan mìíràn máa ń tẹ̀lé e: ọsàn, àjàrà, òdòdó, oyin, ṣúgà pupa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo yẹ inú àpò náà wò dáadáa. Kọfí nìkan ni mo bá níbẹ̀. Adùn tí ahọ́n ń bá pàdé nínú kọfí náà ni wọ́n ń kọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn kọfí sínú àpò, kí n sì fọ àwọn abọ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò. N kò fi kan ẹnu rí. Kò sí ẹni tó béèrè, nítorí olúkúlùkù gbà pé mo ti mu tèmi láti ilé, òótọ́ ni wọ́n sì rò, àfi pé sóyà ni. Bàbá fi kílò kan ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọn kì í béèrè bóyá inú mi dùn. Wọ́n á béèrè pé, "Ṣé sóyà yẹn ṣì kù?" Bí mo bá ní ó kù, wọ́n á ní, "Ó dára," a ó sì mọ̀, àwa méjèèjì, ohun tí a ti sọ.

Lọ́jọ́ kan, Fiona gbé àpò kékeré kan wá sórí tábìlì mi, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló dé," ó wí.

Mo wo àpò náà. Kọfí láti orí òkè Mambila ni, ní ìpínlẹ̀ Tàràbà.

"Ọmọ ilẹ̀ rẹ ni," ó tún wí. "Ìwọ ló yẹ kí o sọ fún wa bóyá ó dára."

Mo ṣàlàyé fún un pé láti Ìrólù dé Mambila jìn ju láti Glasgow dé Lọ́ńdọ̀nù lọ, àti pé bí wọ́n bá ní kí n lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, màá ṣìnà. Kò gbọ́. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ẹnìkẹta nínú àwọn tó ń tọ́ kọfí wò ti bímọ, kò sì ní padà wá mọ́. Ilé iṣẹ́ náà kéré. Kò lè gba ẹni tó ń fọ abọ́ lọ́tọ̀ àti ẹni tó ń tọ́ kọfí wò lọ́tọ̀. Ẹni tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ lè ṣe méjèèjì. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ èmi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí n wá tọ́ kọfí Mambila yìí wò pẹ̀lú àwọn. Bí n kò bá lè ṣe é, yóò dùn ún, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò gbà.

Mo ní mo gbọ́. Mo lọ dúró níbi tí mo ti ń fọ abọ́, mo sì fọ abọ́ kan náà títí.

Ohun tó wà níwájú mi kò lọ́jú rárá: bí mo bá fi kọfí kan ẹnu, mo ti fọwọ́ ti ìlẹ̀kùn Bàbá, bí n kò bá fi kan ẹnu, iṣẹ́ ti lọ, bóyá ẹ̀kọ́ náà yóò sì tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí n mu ún kí n sì dákẹ́. Ìrólù jìnnà, Bàbá kò sì ní ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn ẹnu lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kúrò nílé ló ń mọ̀ pé ohun tó kù lọ́wọ́ òun nínú ilé náà kò pọ̀. Aṣọ ti gbó, ohùn ti ń yí, orúkọ àwọn àdúgbò ti ń sá lórí ahọ́n. Òfin díẹ̀ tí mo gbé wá wà lára ẹrù tí kò tíì sọnù.

N kò lè pe Bàbá. Mo pe ìyá ìyá mi.

Alhaja ni wọ́n, Mùsùlùmí ìdílé oníṣòwò ní Ṣàgámù, wọ́n sì ti ń ta obì láti ìgbà èwe wọn. Bí ọmọ wọn ṣe lọ fẹ́ alàgbà tí obì kì í wọ ilé rẹ̀ jẹ́ ìtàn tí àwọn ará Ṣàgámù kò tíì rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán. Ìyá mi ti di olóògbé, ṣùgbọ́n Màmá àti àna wọn ṣì ń bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn bí ẹni pé òun ló fi í sílẹ̀ fún wọn pín. Èdè Rẹ́mọ ni Màmá ń sọ. Mo yí i díẹ̀ níhìn-ín kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ.

"Ẹ kú ọjà, Màmá."

"Ọma mi! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Láàárọ̀ kùtù, láàárín ọ̀sẹ̀, tí o mọ̀ pé ọkọ̀ Hausa ń kẹ́rù lọ́wọ́. Mo ní ta ló kú?"

Mo rò fún wọn. Ariwo àwọn alábàárù àti ìró ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ inú fóònù, mo ní láti tún apá kan sọ. Nígbà tó yé wọn, ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé Tíṣà ti gbọ́?"

"Rárá, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́."

"Òun tó ní n kò gbọdọ̀ fi obì ṣàlejò òun! Kọfí wá lọ bá a lára ọmọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá rọ ohùn. "Gbọ́ mi. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ta ló ń se ọbẹ̀ ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ta ló ń mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ahọ́n ni mo fi ń kàn án. Màá tu ú dànù, màá fomi yọ ẹnu, ààwẹ̀ mi á dúró digbí. Ohun tí kò bá ti kọjá ọ̀fun, n ò jẹ ẹ́."

"Ẹ̀sìn tiyín nìyẹn, Màmá. Tiwa ńkọ́?"

"Ahọ́n ha ní ẹ̀sìn bí? Èmi tí mo ń ta obì, bí mo bá ń gbé gbogbo èyí tí mo tọ́ wò mì, oorun ì bá ti kọ̀ mí sílẹ̀ kí n tó bí ìyá rẹ. Lọ tọ́ ọ wò, kí o tu ú. Gbé àgbọ̀n yẹn sọ́hùn-ún, ìwọ yìí, ṣé orí mi lo fẹ́ gbé e lé? Ọma mi, ó dàbọ̀."

Mo gbé ìdájọ́ náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìwé ti bà jẹ́. Òfin ilé wa ni pé a kì í mu kọfí. Mímu kò parí níwọ̀n ìgbà tí ohun náà kò bá kọjá ọ̀fun. Àwọn tó ń tọ́ kọfí wò kì í sì í gbé e mì. Mo ti fọ ife tí wọ́n ń tu ú sí tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbòmíràn nínú ayé tí alàgbà ìjọ Sátidé, Alhaja Ṣàgámù àti àwọn òyìnbó oníkọfí ti lè fohùn ṣọ̀kan. Ọkàn mi balẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a dúró yí tábìlì ká. Fiona lọ kọfí sínú àwọn abọ́, a gbóòórùn rẹ̀ ní gbígbẹ. Ó da omi gbígbóná sí i, ìfófó tó nípọn ru sókè bíi ti ẹ̀kọ tó fẹ́ hó dànù, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí là á, òórùn sì jáde síta. Ẹnì kejì tó wà níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Alasdair, tó ti ń ra kọfí kiri ayé kí wọ́n tó bí mi. Irun wọn funfun báláú. Ọjọ́ orí bàbá mi ni wọ́n, wọ́n tilẹ̀ máa ń wú ikọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, bíi ti Bàbá gan-an.

Wọ́n bu kọfí, wọ́n sì fà á mu. Ẹ má ṣe rò pé irú fífà tí ẹ mọ̀ ni. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ tí ń fa omi nígbà tí kànga bá gbẹ. Ní Rẹ́mọ, ọmọ tó bá fa ẹ̀kọ mu báyìí níwájú àlejò yóò parí rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ, kí ó lè tàn ká gbogbo ẹnu. Wọ́n yí i kiri, wọ́n tu ú sínú ife, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi.

Mo bu tèmi. Mo fà á. Ariwo tí mo pa ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

Èyí ni ohun tí mo bá pàdé. Kíkan tó mú ẹ̀gbẹ́ ahọ́n súnkì lójú ẹsẹ̀. Ìkíkorò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó dìde bí àlejò tó mọ̀ pé oúnjẹ kò tó, ó sì fi adùn kan sílẹ̀ nídìí ahọ́n. Mo mọ ohun tó jọ. Inú mi dùn. Mo gbé ife sókè láti tu ú.

Ojú mi àti ti Ọ̀gbẹ́ni Alasdair ṣe mẹ́rin. Wọ́n ti tẹ̀ síwájú, wọ́n tẹ́tí, orí funfun náà kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ẹnu mi.

Ọwọ́ mi kọ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé èyí fún ẹni tí wọn kò tọ́ ní ìlú wa. Itọ́ tí a tu ní ìṣojú àgbà kì í ṣe omi lásán. Èébú tí kò ní ọ̀rọ̀ ni. Mo ti rí i tí ìjà ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Òfin ìjọ ní n kò gbọdọ̀ gbé e mì, òfin ilé ní n kò gbọdọ̀ tu ú, ẹnu mi sì kún.

"Kí lo rí níbẹ̀?" Fiona béèrè.

"Mm," mo wí.

"Mm rere ni àbí mm burúkú?"

"Mm-mm."

"Fi í sílẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Alasdair wí. "Ó ń ronú. Wo bó ṣe ń ṣe sùúrù sí i." Wọ́n tún sún mọ́ mi sí i, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rò ó pé kí n sáré jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni ìlẹ̀kùn wà. "Ó dára, ọmọ mi," wọ́n rọra wí, "ṣùgbọ́n mo ti dàgbà. Má jẹ̀ẹ́ kí n kú kí o tó sọ ọ́."

Mo gbé e mì.

"Àgbálùmọ̀," mo wí.

Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo ṣàlàyé fún wọn: èso tí ń jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó kan tó sì dùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí awọ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ètè, tí ènìyàn ń di ojú jẹ, tí kì í sì í jẹ ẹyọ kan. Wọ́n tún fà á. Ọ̀gbẹ́ni Alasdair dijú, wọ́n wú ikọ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kò tíì sí ẹni tó ṣàpèjúwe ohun tí àwọn kò jẹ rí fún àwọn tó báyìí. Lára àpò kọfí Mambila náà, lónìí, láàárín ọsàn àti oyin, ẹ ó rí i níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Èmi ni mo dúró tì wọ́n.

Iṣẹ́ di tèmi. Ọkàn mi lù kìkì títí di ìrọ̀lẹ́, n kò sì lè sọ bóyá kọfí ni tàbí ẹ̀rí ọkàn, nítorí kò sí èyí tí mo ti mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sílé fún ìsinmi. Mo ti pinnu láti sọ fún Bàbá fúnra mi, lójúkojú, mo sì ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tí mo dé Ìrólù, ọ̀kadà tó gbé Màmá wá láti Ṣàgámù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe rí ojú wọn báyìí, mo mọ̀ pé wọ́n ti tú gbogbo ohun tí mo rò fún wọn lórí fóònù, kò sì sí ohun tó kù fún mi láti sọ.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga wọn lábẹ́ igi máńgòrò, ife sóyà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ káàbọ̀, olùtọ́kọfíwò," ni Bàbá wí.

Màmá ń wo ìbòmíràn.

"Ẹ má bínú, sà."

"N kò tíì bínú. Mo ń béèrè ni. O gbé e mì?"

"Mo gbé e mì, sà."

"Wọ́n ní títu ni wọ́n ń tu ú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àgbà ló dúró níwájú mi."

"Òyìnbó?"

"Òyìnbó ni, sà. Orí wọn funfun. Wọ́n tó yín."

Bàbá ń yí ife sóyà lọ́wọ́. Adìyẹ kan kọjá láàárín wa. Màmá kò lè fara dà á.

"Tíṣà, ẹ dáhùn, ẹ jọ̀wọ́. Orúnkún ń dun ọmọ."

"Màmá, ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí."

"Méjì kọ́! Ọ̀fun kan ló ní."

Bàbá gbé ife lé orúnkún. Èmi ni wọ́n ń wò. "O gbé ohun tí a kì í mu mì," ni wọ́n wí. "Ìyẹn dùn mí, n kò sì ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé ọmọ mi tutọ́ níwájú arúgbó ní ìlú onílùú, ibo ni màá gbé ojú sí? Ta ni wọ́n á ní ó tọ́ ọ?"

Wọ́n dìde. Wọ́n mu sóyà kún ẹnu, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ẹnu, wọ́n tẹrí ba fún Màmá díẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn sí wa pátápátá, wọ́n rìn dé ìdí ọgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tu ú sílẹ̀ láìpa ariwo kankan. Wọ́n nu ẹnu wọn, wọ́n padà wá.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ará Ìrólù, ẹ wá wò ó! Tíṣà ti tu kọfí!"

"Sóyà ni, Màmá!"

"Ó dúdú àbí kò dúdú?"

"Màmá, igi méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn—"

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Yóò tutù."

Mo ṣì kúnlẹ̀. Mo béèrè ohun tí mo ti gbé wá láti òkè òkun láti béèrè. "Ṣé ẹ ní kí n máa bá iṣẹ́ náà lọ, sà?"

Bàbá gbé ife wọn. "Mo ní kí o máa yí ẹ̀yìn," ni wọ́n wí. "Dìde."

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Bí mo bá fa kọfí tán, màá bo ẹnu, màá tẹrí ba, màá lọ bá ògiri. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Fiona rò pé inú ló ń rú mi. Mo ṣàlàyé fún un ìdí rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Alasdair sì gbọ́ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n wo ife itọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, bí ẹni tó ń ka gbogbo ojú tí wọ́n ti tu ú sí láti ọdún wọ̀nyẹn wá. Fiona ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀yìn sí wọn kó tó tu tirẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, àlejò kan wá bá wa tọ́ kọfí wò láti ilé ìyankọfí mìíràn, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó fà á, ó yí i ní ẹnu, ó sì fẹ́ tu ú níbi tó dúró sí. Ó rí i pé olúkúlùkù ti kọjú sí ògiri tirẹ̀. Ó dúró, ẹnu rẹ̀ kún, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Alasdair wà níwájú rẹ," Fiona wí fún un láìbojú wẹ̀yìn.

Àlejò náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì wá ògiri tirẹ̀ lọ.